Ara Yíyún Lóru àti Àìróorunsùn: Èwo Nínú Àwọn Ọ̀nà Ayurveda Ló Yẹ Yín?

Bí ara bá ń yún èèyàn lọ́sàn-án, ó ṣì ṣeé fara dà, torí ọwọ́ á dí, ọkàn á sì wà lórí iṣẹ́. Òru ni wàhálà rẹ̀ pọ̀ jù. Lóru, awọ ara máa ń gbóná díẹ̀ sí i, omi inú rẹ̀ máa ń tètè gbẹ, èròjà cortisol tí ara fi ń pẹ̀tù sí ara wíwú sì máa ń lọ sílẹ̀. Ẹni tó bá ń họra títí di aago mẹ́ta òru á jí pẹ̀lú àárẹ̀, àárẹ̀ yẹn á sì jẹ́ kí ẹ̀yún ọjọ́ kejì tún le sí i. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ta ọjà Ayurveda, ìyẹn ìṣègùn ìbílẹ̀ Íńdíà, fi sábà máa ń polówó méjèèjì pọ̀: òróró fún awọ ara, lúbúlúbú tàbí kápúsù fún oorun.

Ẹni tí kò rí oorun sùn fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan á fẹ́ ra ohunkóhun tí wọ́n bá nà sí i, n kò sì dá a lẹ́bi. Ohun tí mò ń bẹ̀ yín ni pé kẹ́ ẹ fara balẹ̀ yàn. Nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ fi wéra yìí, èyí tí wọ́n ń fi para ló yẹ kó ṣáájú èyí tí wọ́n ń gbé mì, ìdí tí ara fi ń yúnni ló sì yẹ kó ṣáájú méjèèjì.

Irú ẹ̀yún wo ló ń ṣe yín?

Íńdíà ni Ayurveda ti wá, ó sì ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì. Wọn ò fọwọ́ kékeré mú un lọ́hùn-ún rárá. Ìjọba Íńdíà dá ilé iṣẹ́ mínísítà AYUSH sílẹ̀ lọ́dún 2014 láti bójú tó o pẹ̀lú àwọn ìṣègùn ìbílẹ̀ yòókù. Ẹni tó bá fẹ́ gba oyè BAMS tí wọ́n fi ń di oníṣègùn Ayurveda á lo ọdún 5 àti ààbọ̀, tí ọdún kan iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ nílé ìwòsàn wà nínú rẹ̀. Vaidya ni wọ́n ń pe irú oníṣègùn bẹ́ẹ̀.

Bí aláìsàn bá dé, vaidya á wò ó bóyá vata, pitta tàbí kapha ló ti rú lára rẹ̀, ìyẹn agbára mẹ́ta tí wọ́n gbà pé ó ń darí ara èèyàn. Awọ tó gbẹ, tó ń sán, tó ń ṣí, vata ni wọ́n kà á sí. Èyí tó pọ́n, tó gbóná, tó ń ta èèyàn bí iná, pitta ni. Èyí tó wú, tó nípọn, tó ń sun omi, kapha ni, kódà kapha ni wọ́n sábà máa ń dá lẹ́bi fún ẹ̀yún fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń pín àìróorunsùn: ẹni tí ọkàn rẹ̀ kì í sinmi, tí ojú rẹ̀ ń là láti aago méjì òru sí ìdájí, vata ló ń dà á láàmú, ẹni tí ooru ń jí lọ́gànjọ́ òru, pitta ni.

Kò pọn dandan kẹ́ ẹ gba agbára mẹ́ta yìí gbọ́ kí ìpín náà tó wúlò fún yín. Bóyá awọ gbẹ, bóyá ó ń jó, bóyá ó ń sun omi, gbogbo dókítà awọ ara ló máa béèrè rẹ̀. Ìkìlọ̀ kan sì wà nínú ìwé àtijọ́ Ayurveda tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú: wọ́n ní kí wọ́n má fi òróró wọ́ ara ẹni tí kapha bá gbà lọ́wọ́, tàbí ẹni tí ibà ń ṣe, tàbí ẹni tí oúnjẹ kò dà nínú rẹ̀. Ṣàṣà ni ike òróró tẹ́ ẹ máa rí ìkìlọ̀ yẹn lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Awọ tó ń sun omi tàbí tó ń ṣọyún kò fẹ́ òróró. Orí àti ẹ̀gbẹ́ imú tó ń yúnni tó sì ń ṣí funfun kò fẹ́ ẹ pẹ̀lú, torí Malassezia tó máa ń wà nídìí rẹ̀, tóun àti ohun tó ń fa làpálàpá jẹ́ ọ̀wọ́ kan náà, ọ̀rá ló fi ń ṣe oúnjẹ. Ẹni tó bá da òróró sórí bẹ́ẹ̀, ó ń bọ́ ọ ni.

Ẹ̀yún kan tún wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ yọ kúrò ná kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀ sórí ohunkóhun. Bó bá jẹ́ pé òru ló ń le jù, tó wà láàárín ìka, ní ọrùn ọwọ́, ní ìbàdí tàbí lójú ara, táwọn mìíràn nínú ilé náà sì ti ń họra, scabies ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Kòkòrò tíntìntín ló ń walẹ̀ sínú awọ. Ìpara permethrin oní 5% tàbí hóró ivermectin látọwọ́ dókítà ló ń pa á, gbogbo ará ilé ló sì gbọ́dọ̀ gbàtọ́jú lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n fi omi gbígbóná fọ aṣọ àti bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó bá fi oṣù méjì fi òróró wọ́ ara lórí scabies á kàn pín in fún gbogbo ilé ni.

Òróró yànmọ̀tí àti àdí àgbọn

Ìwọ́ra tí wọ́n ń pè ní abhyanga ni òpómúléró ìtọ́jú Ayurveda fún ara gbígbẹ àti fún ọkàn tí kò balẹ̀. Wọ́n á mú òróró lọ́wọ́ọ́wọ́, wọ́n á fi wọ́ ara láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, wọ́n á jẹ́ kó wà lára fún bíi ìṣẹ́jú 15 sí 30, kí wọ́n tó fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ wẹ̀.

Òróró yànmọ̀tí ni àwọn ìwé àtijọ́ gbé ga jù. Wọ́n ní ó ń mú ara gbóná, ó ń rọ vata lójú, torí náà òun ni wọ́n ń lò fún awọ tó gbẹ tó ń sán àti fún arúgbó. Ní Kerala ní gúúsù Íńdíà, níbi tí igi àgbọn ti kún ilẹ̀, àdí àgbọn ló gbajúmọ̀. Wọ́n kà á sí òróró tútù, tó yẹ fún awọ tó pọ́n tó ń jó. Ìyàtọ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ìyàtọ̀ kejì ni ẹ̀rí, ibẹ̀ sì ni àdí àgbọn ti ta yànmọ̀tí yọ pátápátá. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Philippines fún àwọn ọmọdé 117 tó ní eczema, ìyẹn àìsàn tó ń mú awọ gbẹ, tó ń mú un pọ́n, tó sì ń yúnni, awọ àwọn tí wọ́n fi ojúlówó àdí àgbọn pa fún ọ̀sẹ̀ 8 dára ju ti àwọn tí wọ́n fi òróró mineral pa lọ. N kò mọ ìwádìí kankan tó lágbára tó bẹ́ẹ̀ fún òróró yànmọ̀tí lórí ẹ̀yún. Yànmọ̀tí sì wà lára àwọn oúnjẹ tí ara àwọn kan kì í gbà rárá. Ẹni tí ètè rẹ̀ bá ń wú tó bá jẹ ẹ́ kò gbọ́dọ̀ fi òróró rẹ̀ para.

Ní ti ojú ọjọ́, ẹni tó ń gbé níbi tí òógùn ti ń bọ́ lára tọ̀sán tòru kò ní gbádùn òróró yànmọ̀tí, torí ó wúwo. Ẹni tó wà ní London lóṣù January, tí ẹ̀rọ amúlégbóná ń gbẹ ara rẹ̀ ṣáká, lè rí i pé ó bá òun lára mu. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, èyí tí wọn kò yan hóró rẹ̀ kí wọ́n tó fún un ni kẹ́ ẹ wá. Òróró yànmọ̀tí aláwọ̀ dúdú tó ń ta sánsán, tí àwọn ará Ṣáínà fi ń se oúnjẹ, kọ́ ni vaidya ń lò.

Ní àríwá Íńdíà, àwọn kan tún ń lo òróró mustard. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sílẹ̀ bí ara bá ń yún yín, pàápàá fún ọmọ ìkókó, torí ó máa ń ta awọ ara. Àti pé kí n má parọ́, bó bá jẹ́ awọ gbígbẹ lásán ni, òrí tẹ́ ẹ ní nílé lè ṣe iṣẹ́ yẹn láìjẹ́ pé ẹ ra ohunkóhun láti Íńdíà.

Èyí ó wù kẹ́ ẹ mú, ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ sí inú apá, kẹ́ ẹ dúró fún ọjọ́ méjì wò ó bóyá á pọ́n tàbí á wú. Ẹ má fi omi gbígbóná wẹ̀, torí ó ń bó ọ̀rá ara kúrò, ẹ̀yún á sì padà wá kíákíá. Lẹ́yìn ìwẹ̀, kí omi tó gbẹ tán lára, ni kẹ́ ẹ fi òróró fẹ́ẹ́rẹ́ pa á. Kí arúgbó jókòó pa tirẹ̀, kó sì wọ bàtà tàbí ìbọ̀sẹ̀ kó tó dìde, torí òróró lórí táìlì ti ṣẹ́ egungun ọ̀pọ̀ àgbàlagbà.

Dóńgóyárò àti ata ilẹ̀ pupa

Igi neem tí vaidya ń lò náà ni dóńgóyárò. Láti Ghana ni wọ́n ti mú èso rẹ̀ wá gbìn sí Borno lọ́dún 1928, ó sì ti tàn dé ẹ̀yìnkùlé wa. Àwa mọ̀ ọ́n sí àgbo ibà. Ní ti ẹ̀yún, ìwẹ̀ ni wọ́n ń fi í wẹ̀: wọ́n á bọ ewé rẹ̀, wọ́n á jẹ́ kó tutù díẹ̀, wọ́n á sì dà á sí omi ìwẹ̀. Nínú yàrá ìwádìí, ó ń dá oríṣiríṣi kòkòrò àrùn dúró, àmọ́ ìwádìí lára èèyàn kò tíì pọ̀. Ibi tó ti wúlò jù lójú tèmi ni ibi tí òróró kò ti yẹ, ìyẹn awọ tó lọ́rinrin, tó ń yọ kókó wẹ́wẹ́.

Òróró inú èso rẹ̀ yàtọ̀ sí ewé. Ó le, ó máa ń jó awọ tó bá ti bó, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi òróró mìíràn là á. Ẹ má fún ọmọdé mu rárá. Àwọn dókítà ní Malaysia ti kọ̀wé nípa àwọn ọmọ kéékèèké tí wọ́n fún ní òróró neem mu tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí bì, tí gìrì mú wọn, tí àwọn kan nínú wọn sì kú. Kí aboyún náà má ṣe gbé e mì.

Ata ilẹ̀ pupa, ìyẹn turmeric, ni wọ́n ń pè ní haridra lọ́hùn-ún. Wọ́n ń lọ̀ ọ́, wọ́n ń pò ó mọ́ wàrà tàbí òróró, wọ́n sì ń fi í kun ibi tó pọ́n. Ó ń pẹ̀tù sí ara wíwú díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń ba aṣọ àti bẹ́ẹ̀dì jẹ́, awọ àwọn kan kì í sì í gbà á. Bí mo bá fi méjèèjì wéra, dóńgóyárò ni mo máa fi wẹ̀, ata ilẹ̀ pupa ni mo máa fi sínú ọbẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ tútù ló sì dára jù láti rà. Ní Bangladesh, àwọn onímọ̀ fi hàn lọ́dún 2019 pé wọ́n ń fi èròjà òjé kun ata ilẹ̀ pupa kó lè tàn yòò. Ní ti kápúsù rẹ̀ tí wọ́n po mọ́ èròjà inú ata iyèré kó lè tètè wọ ara, ó ti ba ẹ̀dọ̀ àwọn kan jẹ́, kò sì sí ìdí tí ẹ̀yún fi yẹ kó mú èèyàn dé ibẹ̀.

Fún awọ tó ń jó gan-an, wọ́n tún ní ghee, ìyẹn bọ́tà tí wọ́n yọ́, tí wọ́n fi omi tútù fọ̀ nígbà ọgọ́rùn-ún títí tó fi di ìpara funfun múlọ́múlọ́. Ó tuni lára, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, ó sì máa ń tètè bàjẹ́ nínú ooru.

Fún oorun: ẹsẹ̀, wàrà, àbí ashwagandha?

Ẹsẹ̀ ni mo máa fi ṣáájú. Kí ẹ tó sùn, ẹ fi òróró lílọ́wọ́ọ́wọ́ wọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kẹ́ ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀. Padabhyanga ni Ayurveda ń pè é. Àwọn onímọ̀ oorun náà ti rí i pé bí ẹsẹ̀ àti ọwọ́ bá lọ́wọ́ọ́wọ́, ooru inú ara á ráyè jáde, oorun á sì tètè gbéni lọ. Kò náni lówó, kò bá oògùn kankan jà, ó sì ń dá ọwọ́ tó fẹ́ họra dúró fún ìgbà díẹ̀.

Wàrà gbígbóná ni ọ̀nà kejì. Wàrà ẹfọ̀n tí wọ́n ń sìn ní Íńdíà ni ìwé àtijọ́ wọn sọ pé ó ń múni sùn jù, àmọ́ ti màlúù náà ni ọ̀pọ̀ ń mu, tí wọ́n á ha nutmeg bíńtín sí. Bíńtín náà ni kó jẹ́ o. Nutmeg tó tó gíráàmù 5 lè mú kí àyà máa lù kìkìkì, kí èèyàn sì máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà nínú wa ni wàrà máa ń run nínú. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ fi í sílẹ̀, torí inú rírun kì í jẹ́ kéèyàn sùn.

Ashwagandha wá ni ti ẹ̀kẹta, òun sì ni ariwo rẹ̀ pọ̀ jù lórí fóònù báyìí. Gbòǹgbò igi kékeré kan ni. Ẹ̀rí wà fún un: àwọn onímọ̀ kó ìwádìí 5 jọ lọ́dún 2021, tí èèyàn 400 wà nínú wọn, wọ́n sì rí i pé oorun dára sí i, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni. Ó hàn jù lára àwọn tí àìróorunsùn ń ṣe ní ti gidi, tí wọ́n lo miligíráàmù 600 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 8 ó kéré tán. Nítorí náà, ẹni tó bá lò ó fún ọjọ́ mẹ́rin tó ní kò ṣiṣẹ́ kò tíì dán an wò. Fún ẹ̀yún ní tààràtà, n kò lè bá ẹnikẹ́ni sọ pé kó rà á.

Ewu rẹ̀ sì wà. Ó máa ń da inú rú. Ó ti ba ẹ̀dọ̀ àwọn kan jẹ́, tí ojú wọn fi di àwọ̀ ìyeyè, tí ara wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí yún wọn, èyí tó burú fún ẹni tó jẹ́ pé ẹ̀yún ló gbé e débẹ̀. Ó lè gbé èròjà inú ẹṣẹ́ thyroid sókè. Aboyún kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń lo oògùn thyroid, ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí oògùn oorun kò gbọ́dọ̀ lò ó láìbá dókítà sọ̀rọ̀. Kódà Piriton tí ọ̀pọ̀ ń lò nítorí ẹ̀yún, ẹ má gbé e mì pọ̀ mọ́ ọn. Orílẹ̀-èdè Denmark fòfin de ashwagandha lọ́dún 2023. Bẹ́ ẹ bá pinnu láti rà á, ẹ wò ó bóyá gbòǹgbò nìkan ni wọ́n fi ṣe é, torí ìjọba Íńdíà fúnra rẹ̀ ti sọ fún àwọn ilé iṣẹ́ lọ́dún 2021 pé kí wọ́n yéé lo ewé rẹ̀.

Brahmi, egbòogi Ayurveda mìíràn, kò bá a dọ́gba fún oorun. Ti ìrántí ni wọ́n fi sábà ń dán an wò. Egbòogi jatamansi ní orúkọ rere láàárín àwọn vaidya, àmọ́ orí òkè Himalaya ló ń hù, wọ́n sì ti hú u débi tó fi fẹ́ẹ̀ parun. N kò ní ra á.

Ohun tí kì í sí nínú ìpolówó ni pé Ayurveda ní òfin ìgbésí ayé fún oorun: kí aago jíjí má yí padà, kéèyàn má sì sùn lọ́sàn-án àyàfi nígbà ooru gbígbóná. Èyí sún mọ́ ìtọ́jú oorun tí wọ́n ń pè ní CBT-I, tó ń tún ìṣesí àti èrò èèyàn nípa oorun ṣe láìlo oògùn, tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà American College of Physicians sọ lọ́dún 2016 pé òun ló yẹ kó ṣáájú oògùn fún àgbàlagbà tí kò rí oorun sùn. Bó bá jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo lẹ ráyè ṣe fún oorun nínú gbogbo èyí, aago jíjí ni kẹ́ ẹ mú.

Ilé ìtọ́jú: shirodhara àti panchakarma

Nínú shirodhara, aláìsàn á dùbúlẹ̀, òróró lílọ́wọ́ọ́wọ́ á máa ṣàn tẹ́ẹ́rẹ́ sí iwájú orí rẹ̀ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan. Ìwádìí tó wà lórí rẹ̀ kéré, àmọ́ ó ń fi ọkàn balẹ̀. Ẹni tó lówó rẹ̀ tí kò sì ní egbò lórí lè gbádùn rẹ̀. Panchakarma kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń mú èèyàn bì nínú rẹ̀, wọ́n sì ń fún un ní ohun tó ń mú un yàgbẹ́ gan-an, ìyẹn virechana, tí wọ́n ń lò fún awọ tó ń jó. Lábẹ́ ojú vaidya tó gboyè, nílé ìwòsàn, ìyẹn ọ̀rọ̀ mìíràn. Nílé, fún aboyún, fún arúgbó, fún ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí àrùn kíndìnrín, ó lè gbẹ omi ara dé ojú ikú.

Kẹ́ ẹ tó sanwó

Ibi tó ń bà mí lẹ́rù jù rèé. Ẹ̀ka kan wà nínú Ayurveda tí wọ́n ń pè ní rasa shastra, tí wọ́n ti ń mọ̀ọ́mọ̀ fi mercury, òjé àti irú wọn sínú oògùn, tí wọ́n sọ pé àwọn ti fi iná wẹ̀ ẹ́ mọ́. Ní Boston lọ́dún 2004, dókítà Robert Saper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ọjà 70 wò, òjé, mercury tàbí arsenic sì wà nínú 14. Lọ́dún 2008 wọ́n yẹ 193 tí wọ́n rà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì wò, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ni wọ́n tún bá a nínú rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí bhasma, rasa, parada tàbí naga lára ike, ẹ dá a padà. Arogyavardhini, hóró tí wọ́n máa ń tà fún awọ ara, ní mercury nínú bí wọ́n bá pò ó gẹ́gẹ́ bí ìwé ṣe sọ.

Ìpara náà ní ewu tirẹ̀. Ní Birmingham, nínú ìwádìí tó jáde lọ́dún 2003, àwọn dókítà yẹ ìpara 24 wò tí wọ́n tà fún àwọn òbí gẹ́gẹ́ bí ìpara egbòogi fún eczema ọmọ. 20 ló ní oògùn steroid nínú, líle sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìpara tí kò lórúkọ, tó wo ẹ̀yún sàn lóru ọjọ́ kan, ẹ bẹ̀rù rẹ̀. Ní Britain, ẹ wá àmì THR, ìyẹn àmì ìforúkọsílẹ̀ egbòogi ìbílẹ̀, lára egbòogi tí wọ́n ń gbé mì. Ní Nàìjíríà, ẹ wá nọ́ńbà NAFDAC, àmọ́ ẹ mọ̀ pé ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀ egbòogi kò túmọ̀ sí pé wọ́n ti rí ẹ̀rí fún ohun tó ń ṣèlérí. Ìkìlọ̀ yẹn máa ń wà lára páálí rẹ̀.

Bó ṣe yẹ kẹ́ ẹ yàn

Awọ gbígbẹ tí kì í jẹ́ kẹ́ ẹ sùn: àdí àgbọn lẹ́yìn ìwẹ̀, ẹsẹ̀ wíwọ́ lálẹ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Awọ tó lọ́rinrin: ẹ fi òróró sílẹ̀, kẹ́ ẹ fi omi ewé dóńgóyárò wẹ̀, bó bá sì ń ṣọyún, ilé ìwòsàn. Ẹni tí awọ rẹ̀ kò ní nǹkan kan, tó jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ ni kì í sùn: aago jíjí kan náà lójoojúmọ́, ẹsẹ̀ wíwọ́, lẹ́yìn ìyẹn ashwagandha fún ọ̀sẹ̀ 8 pẹ̀lú ìmọ̀ dókítà, kẹ́ ẹ sì dá a dúró lọ́jọ́ tí ìtọ̀ bá dúdú tàbí tí ojú bá pọ́n bí ìyeyè. Ẹni tó ń hanrun fọ́nfọ́n, tí èémí rẹ̀ ń dá dúró lójú oorun, kò sí egbòogi kan nínú gbogbo èyí tó wà fún un. Dókítà ló yẹ kó rí.

Bí ara bá ń yún àgbàlagbà láti orí dé ẹsẹ̀ tí kò sì sí nǹkan kan lára awọ rẹ̀, pàápàá bó bá ń rù tàbí tó ń làágùn lóru, ẹ má fi òróró tàn án. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún kíndìnrín, ẹ̀dọ̀, thyroid, ṣúgà àti iye ẹ̀jẹ̀ tó ní, kẹ́ ẹ sì mú gbogbo ike tó ti ń lò dání lọ fi han dókítà.